Àpótí Tí Mo Kàn fún Fóònù Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ara le? Àwa náà wà, Ọlọ́run ń ṣọ́ wa, orúnkún ìyá rẹ ló kàn ń dùn ún, ìyẹn ò sì ní kó dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún wa pé o ti dín íńtánẹ́ẹ̀tì kù, pé tí o bá ti tibi iṣẹ́ dé, wàá gbé fóònù sí pálọ̀, wàá jáde lọ rìn, àti pé o ti wá mọ ìyá aránṣọ tí ẹ ti jọ ń gbé lẹ́yìn ògiri kan náà tipẹ́tipẹ́ láìkí ara yín. Orí mi wú. Nígbà tí o wálé kẹ́yìn, fóònù yẹn lò ń wò tí o fi ń jẹun, ò ń rẹ́rìn-ín, àwa náà ń bá ọ rẹ́rìn-ín, a ò mọ ohun tí à ń rín.

Èmi náà bá ọ dín in kù. Wọ́n ní fóònù tèmi ò tiẹ̀ ní íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ mo pa á, mo jù ú sínú àpò irinṣẹ́, mo ní ká jọ gbé e, kó má wúwo jù fún ìwọ nìkan. Oníbàárà kan pè mí títí, kò rí mi, ló bá fẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn ló ní kí n kàn, a sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ló bá fi fèrèsé kún un. Mo ní ọmọ mi ló kọ́ mi.

Ìyá rẹ ń yìn ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, torí inú fóònù yẹn kan náà làwa náà wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kì í jáde, ó máa ń jókòó ti fóònù rẹ̀, bóyá wàá pè. Ó bi mí pé, “Tó bá wá pa á tì pátápátá ńkọ́, báwo la ó ṣe máa gbóhùn rẹ̀?” Mo dìde, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Igi tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn yẹn ni mo fi kan àpótí tí mo fi ránṣẹ́ yìí, kí fóònù rẹ lè níbi tí yóò máa sùn sí. Mo fá a dáadáa, kò ní gún ọ lọ́wọ́. Mo sì lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ohùn ìyá rẹ lè ríbi gbà jáde.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ kó fi ra káàdì ìpè. Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa, ojú rẹ ò ní ríbi, gbogbo ohun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí sí rere. Tí o bá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àpótí, bó o tiẹ̀ ti ń wọ bàtà láti jáde, kọ́kọ́ ṣí i, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀. Má sọ fún un o, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lèmi náà máa ń dúró sí kí n lè gbọ́ ohùn rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ