Màámi, Mo Ti Tú Ẹ́ńjìnnì Agégi Bàbá Palẹ̀

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àìsùn lórí ọ̀rọ̀ wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Òkòkòmáìkò níbí. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa. Mo kí Àǹtí Ṣadé, àbúrò yín, mo ní ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀. Kọ́lá àbúrò mi, ìwọ tí o máa ka lẹ́tà yìí sí Màámi létí, mo kí ìwọ náà. Jọ̀ọ́, má fo ìlà kankan. Kà á bí mo ṣe kọ ọ́, títí kan ibi tó máa bí wọn nínú.

Màámi, ẹ̀rù yín ń bà mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ti ń bi mí nípa ẹ́ńjìnnì agégi tí Bàbá fi sílẹ̀, tí mo sì ń sọ fún yín pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Irọ́ ni mo pa. Ẹnu mi ni kò gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe níbí. Òrùlé ni mo máa ń kàn jù, láti Ìbà títí dé Àjàǹgbàdì. Nígbà tí Bàbá kú, ẹ̀yin lẹ fa ẹ́ńjìnnì náà lé mi lọ́wọ́ pé èmi ni àkọ́bí, mo sì fi àpò ìrẹsì wé e wá sí Èkó. Ṣùgbọ́n kò sí igbó níbí, Màámi. Àfi tí ìjì bá dá igi sórí ilé ẹnìkan ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè mí. Ìyẹn ò lè ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún. Ní gbogbo ìyókù ọdún, abẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi ló máa ń wà. Òjò ibí ò mọ ìgbà tó yẹ kóun dá, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi kì í gbẹ bọ̀rọ̀, irin kì í pẹ́ dípẹtà. Màá fa ẹ́ńjìnnì náà yọ, màá fi ọ́ìlì pa á lára, màá ní ó ti dáa. Nígbà mìíràn, ní ọjọ́ Àìkú tí ilé bá sú mi, tí mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ilé, mo kàn máa ń ṣí àpò náà kí n lè gbóòórùn rẹ̀. Pẹtiróòlù àti oje igi. Òórùn Bàbá nìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá ni ìjì kan jà. Ó wó igi fúrúùtù ńlá kan nínú ọgbà Àlàájà kan ní Ìbà, ó gbé e lé orí òrùlé ayálégbé wọn kan, ìyá ìkókó. Ilẹ̀ mọ́, Àlàájà ní kí n wá gé e kúrò. Mo pe Sènàmí, ọmọ Ẹ̀gùn tó ń jó irin nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi, pé kó wá bá mi di okùn mú. Mo fa ẹ́ńjìnnì títí, kò dáhùn. Mo tú plọ́ọ̀gì, mo nù ún, mo dá a padà. Nígbà tó máa dáhùn, ó lọgun bí ẹran tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo gé ẹ̀ka méjì. Lórí ẹ̀kẹta, mo jáwọ́ níbi tí a máa ń tẹ̀ kí ṣéènì tó sáré, ṣùgbọ́n ṣéènì ò dúró. Orí irin rẹ̀ kan ẹ̀ka kan tí mi ò rí, ló bá ta padà sókè, ó dojú kọ mí. Màámi, mo rí eyín ṣéènì yẹn. Ẹni tó bá sọ pé ojú ò lè rí i nígbà tó bá ń sáré, kò tíì dé iwájú ojú onítọ̀hún rí ni. Sènàmí fa ẹ̀wù mi láti ẹ̀yìn, àwa méjèèjì ṣubú. Fìlà mi já sí méjì. Mo ń fi ọwọ́ wá ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn mi, mi ò rí i, mo ṣì ń wá a.

Ẹ́ńjìnnì náà bọ́ sílẹ̀, kò kú. Ó ń yí ká lórí ilẹ̀, ó ń gbẹ́ erùpẹ̀, ó ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tí ìyá ìkókó dúró sí. Àfi bí Sènàmí ṣe sáré gbé kápẹ́ẹ̀tì tí obìnrin náà sá síta, tí omi òjò ti mú kó rin gbingbin, ló bá jù ú lé e lórí. Ṣéènì bu kápẹ́ẹ̀tì jẹ, ó wé e mọ́ ara rẹ̀, ó wá kú. Àlàájà ní kí n máa lọ sílé mi. Wọ́n ní igi yẹn lè wà níbẹ̀ títí ayé, pé àwọn ò fẹ́ òkú nínú ọgbà àwọn.

Láti ọjọ́ náà, ara mi ò balẹ̀. Tí ọlọ́kadà kan bá fi ọ̀kadà rẹ̀ lọgun ní Ìyànà Ìbà, ọwọ́ mi á ti dé ọrùn mi kí n tó mọ̀. Bùsáyọ̀ ìyàwó mi ní kí n gbé ẹ́ńjìnnì náà síta, kí n má rí i mọ́. Mo gbé e síta. N kò tíì jókòó tí ẹ̀rù mìíràn fi dé: tí ẹnìkan bá jí i ńkọ́, tó lọ fi gé igi? Mo tún gbé e wọlé.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì, àgbà kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Àjàǹgbàdì. Wọ́n tú u, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní irin tó yẹ kó dá ṣéènì dúró ti kán tipẹ́, pé ẹnìkan ló fi wáyà so ó. Mo mọ ẹni náà. Wọ́n ní àwọn lè jẹ́ kó dún bíi tuntun, ṣùgbọ́n àwọn ò lè ṣe onídùúró pé á dúró nígbà tí èèyàn bá ní kó dúró. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ máa ń sọ àìsàn rẹ̀ fún olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ń sùn láti ẹ̀ẹ̀rùn dé òjò, ọjọ́ tó bá jí ni wọ́n ń mọ ohun tó ń ṣe é. Ọkùnrin kan tó wà níbẹ̀ ní òun á rà á, òun á kùn ún, òun á gbé e lọ tà ní ọjà Alábà. Mo kọ̀. Ta ni wọ́n máa tà á fún ní Alábà? Ṣé kì í ṣe ọmọ ẹlòmíì ni?

Ibẹ̀ ni mo wà tí Kọ́lá fi pè. Ó ní ẹnìkan fẹ́ kí òun bá wọn gé igi tíìkì lóko wọn, kí n fi ẹ́ńjìnnì Bàbá ránṣẹ́. Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Èkó ti sọ mí di ojo, pé ogún ọdún ni Bàbá fi lò ó, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yin fúnra yín pè. Ẹ ní ọmọ ìyá méjì kì í jà lórí irinṣẹ́. Ẹ ní ohun tí Bàbá fi tọ́ wa dàgbà ò lè pa wá. Mo ní á tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní Àbámẹ́ta.

Màámi, mo gbé e dé gáréèjì lóòótọ́. Mo sanwó, awakọ̀ gbé e sí búùtù, ó ku èrò kan kí ọkọ̀ kún. Mo dúró, mo ń wo búùtù yẹn, òógùn ń bò mí láàárọ̀ kùtù. Ó wá ń ṣe mí bíi pé ikú ni mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, tí mo sì tún bá a sanwó ọkọ̀. Mo ní kí awakọ̀ ṣí búùtù. Ó ní owó ò ní padà o. Mo ní kó máa mú u lọ. Ìyá kan nínú ọkọ̀ pòṣé, wọ́n ní kí ló dé, ṣé ọmọ ló wà nínú àpò ni? Mo gbé àpò náà lé èjìká, mo kúrò níbẹ̀.

Ibi tó le jù ló kàn. Kọ́lá, rọra kà á.

Àpá tó wà ní itan òsì Bàbá, tí wọ́n sọ fún yín pé àdá ló ṣe é, kì í ṣe àdá, Màámi. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni. Mo wà níbẹ̀ nínú igbó, mi ò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ó ta padà sí wọn gẹ́lẹ́ bó ṣe ta padà sí mi ní Ìbà. Bàbá bọ́ bùbá wọn, wọ́n fi di ẹsẹ̀, wọ́n jókòó sídìí igi, wọ́n ń gbọ̀n. Mi ò rí Bàbá kí wọ́n gbọ̀n rí. Wọ́n ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún yín, nítorí pé tí ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní jẹ́ kí àwọn padà sínú igbó, kò sì sí ohun mìíràn tí a máa jẹ. Ẹ̀yin lẹ ń fi omi gbígbóná wẹ egbò náà láràárọ̀, tí ẹ ń ṣépè fún àdá. Èmi ń wò yín, mo pa ẹnu mọ́. Nígbà tó jinná, Bàbá wá wáyà, wọ́n so ibi tó kán, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ti máa ń rò pé Bàbá ò mọ ìbẹ̀rù. Ní báyìí mo mọ̀ pé gbogbo àárọ̀ tí wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì yẹn lé èjìká, ẹ̀rù ń bà wọ́n, àwa ni wọ́n ń tìtorí wa lọ.

Láti gáréèjì, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Làmídì ni mo padà sí. Mo fi ayùn irin gé irin gígùn rẹ̀ sí méjì fúnra mi. Mo já ṣéènì náà ní ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀gá Làmídì gba òòlù, wọ́n fọ́ ìyókù, kí ẹnikẹ́ni má baà lè tò ó mọ́. Sènàmí dúró tì mí. Mo sunkún bí ọjọ́ tí a sin Bàbá. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló kó o lọ.

Bùsáyọ̀ ní kí n ra tuntun. Mo dé Alábà, wọ́n fi ibi tó ń dá ṣéènì dúró hàn mí, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo gbé e, mo tún gbé e padà sílẹ̀. Ohun tí mò ń lò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, òun náà á kàn lọ sùn lábẹ́ tábìlì ni, á gbó síbẹ̀, á máa dè mí. Àwọn kan wà lọ́nà Ìbà tó jẹ́ pé igi gígé ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Àwọn ni Àlàájà pè. Wọ́n gé igi náà tán láìpẹ́, èmi jókòó lókèèrè. Lẹ́yìn wọn ni mo wọlé lọ kan òrùlé ìyá ìkókó.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ àpá yẹn fún Kọ́lá kí n tó kọ ìwé yìí. Mo ń retí kó bú mi. Ó wá bi mí pé ẹsẹ̀ wo. Mo ní òsì. Ó ní òun máa ń rí i tí àwọn bá jọ ń wẹ̀ lódò, pé tí òun bá béèrè, Bàbá á ní kí òun máa wo ẹja. Ọjọ́ kejì ló pè pé òun ti ní kí olóko wá ẹlòmíì tó máa gé igi, òun á kàn máa bá wọn kó o jọ. Ẹ má bá a wí, Màámi.

Mo gbà kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú ogún bẹ́ẹ̀ wà. Ẹlòmíì ń lọ fà á yọ lábẹ́ ibùsùn lónìí nítorí pé bàbá rẹ̀ lò ó.

Mo mọ̀ pé mo ba ohun tí ọkọ yín fi sílẹ̀ jẹ́, mo sì tún da ìbúra tí mo ṣe fún wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń bọ̀ wálé. Ẹ bínú sí mi, Màámi. Ẹ bínú títí ó fi tẹ́ yín lọ́rùn, màá dọ̀bálẹ̀ níwájú yín, mi ò ní dìde. Ọmọ méjì lẹ bí. Àwa méjèèjì ṣì wà láàyè tí ẹ lè bínú sí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní fi ọwọ́ yín sin ọmọ. Bùsáyọ̀ kúnlẹ̀ kí yín, Sènàmí ní kí n bá òun kí yín, pé ìyá òun náà lẹ jẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà, ẹ sì bá mi kí ibojì Bàbá.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ̀rù ń bà,
Rótìmí