Orúkọ Ọkọ Mi Tí Gbogbo Ayé Ń Pè

Agboolé Aláró,
Òmù-Àrán.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Nímọ́tà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìfaradà ọ̀nà Òmùpo lásìkò òjò yìí. Mo bẹ Ọlọ́hun pé kí lẹ́tà mi bá ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ nínú ìlera. Ara tèmi le koko. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n lè jókòó sójú kan. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fi pamọ́ fún yín láti ìgbà tí ẹ ti sìn mí wá sílé ọkọ. Orin ijó oníkọ̀ǹpútà tí Sheriff yín ń gbọ́ lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́, tí ẹ ní ó ń fọ́ yín lórí, ọkọ mi ló ṣe é. Èmi sì ni obìnrin tó ń pariwo nínú rẹ̀!

Ẹ má bínú. Ọkọ mi ló ní kí á pa ẹnu mọ́. Ó ní bí àwọn èèyàn bá mọ̀ pé ọmọ àdúgbò ni, ojú àánú ni wọn yóò fi gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ òótọ́ inú wọn lòun fẹ́. Ló bá fi orúkọ mìíràn gbé odindi àwo orin náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ohùn inú ilé wa ló fi ṣe ìlù ibẹ̀: ìdérí ìkòkò, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, omi tó ń kán sínú báàfù. Lọ́jọ́ tó fẹ́ gba ohùn odó sílẹ̀, èmi ni mo ń gúnyán. Ewúrẹ́ kan yọ́ wọlé, ó gbé iṣu lẹ́nu. N kò mọ ìgbà tí mo ké orúkọ ọkọ mi pé kó lé e! Ẹ̀rín sì bò mí. Ó tún ohùn náà gbọ́, ó wò mí, ó ní, "Asisat, jẹ́ kí á fi sílẹ̀." Mo gbà, ó sì di orin kẹrin. Ẹ sì mọ òfin agboolé wọn: ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, kì í pe ọmọ tó bá nínú ilé pàápàá. Orúkọ àpọ́nlé là ń fún wọn. Mo rò pé ta nínú wọn ni yóò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀.

Àṣé ayé yóò gbọ́! Ọlọ́kadà kan ní Bàbáńlá kọ̀wé pé bí òun bá ti ki orin kẹrin sétí, ọ̀nà Òró-Àgọ́ kì í gùn mọ́. Ọkùnrin kan bú wa: ó ní orin àkọ́kọ́ dàbí ẹ̀rọ ata tó gbé ṣíbí mì. A rẹ́rìn-ín títí, torí òótọ́ ni. Ọmọbìnrin kan láti ilẹ̀ Brazil sì béèrè pé, "Kí ni Ọláṣẹ̀hìndé? Ṣé àdúrà ni, àbí orúkọ áńgẹ́lì? Mo máa ń sọ ọ́ kí n tó sùn." Orí mi wú. Orúkọ ọkọ mi tí mo fi igbe pè nítorí ewúrẹ́!

Jímọ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mo ń pè ní Ìbàdí-àrán, gbé àwo náà sí ẹ̀rọ agbóhùn ńlá lágbàlá níwájú àwọn àgbà. Kò mọ̀ pé tiwa ni. Bí ó ti kan orin kẹrin, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá ọkọ mi, na ọ̀pá sókè. "Ẹ pa á! Ìyàwó wo ló ń pe ọmọ mi bí ẹni ń pe ajá?"

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ewúrẹ́ ló fà á." Wọ́n ní, "Ṣé ewúrẹ́ ló gbé ọ níyàwó ni?" Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní òun yóò yọ orin náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Orin tí gbogbo ayé ń fẹ́ yìí!

Ìyá Àgbà ní, "Ta ló ní kí o yọ ọ́? Ẹ tún un gbé sí i." Wọ́n di ojú, wọ́n gbọ́ ọ dópin. Wọ́n wá ní, "Títí tí ọkọ mi fi kú, n kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ pàápàá, ẹkún nìkan ni mo sun." Wọ́n rọra ní, "Adéyanjú." Wọ́n tún ní, "Adéyanjú o!" Wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó ọ̀ṣingín. Àwọn àgbà la ẹnu sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Ìdájọ́ wọn nìyí: orin náà kò ní kúrò. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ayé ti gbọ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, èmi náà gbọ́dọ̀ fún un ní orúkọ àpọ́nlé, lójú wọn àti lójú àwọn èèyàn mi, kí ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀ kó di orin. Bí ará ilé wa kò bá pé, wọ́n ní orúkọ náà kò múlẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá, Màmá, Husnah, gbogbo wọn pátá.

Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ẹ fi ojú sunkún ọmọ. Ilé yín yóò máa tòrò, ọ̀nà yóò sì rọ̀ yín lọ́rùn dé ọ̀dọ̀ wa.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Asisat.

Àfikún: Ayọ̀ ti fẹ́ mú mi gbàgbé kókó ọ̀rọ̀! Ìyá Àgbà kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́ o. Kí gbogbo yín ti dé ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá yìí.