Jíà Kìn-ín-ní Kò Sí Lókè

Ọmọ mi dẹ́rẹ́bà,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò asáré mi nìyí, ìwọ ni kí o wà á lọ síbi àfihàn mọ́tò àtijọ́. Ọ̀pá jíà tó ń mì jìgìjìgì lánàá, mo ti pààrọ̀ rọ́bà ìdí rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ti dúró dáadáa.

Ṣùgbọ́n kò rí bíi ti mọ́tò tí mo fi kọ́ ọ. Lápá òsì lókè, níbi tí jíà kìn-ín-ní ìyẹn wà, rìfáàsì tó ń gbé mọ́tò padà sẹ́yìn ló wà níbẹ̀ nínú èyí. Tí o bá fẹ́ jíà kìn-ín-ní, tì í sápá òsì, kí o wá fà á wálẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ. Ohun tí àbúrò mi kò bi mí nìyẹn, tó fi wa mọ́tò náà fẹ̀yìn wọ ilé ìdáná, tó kù díẹ̀ kó pa ìyá rẹ. Ó ní mọ́tò mi ló ya wèrè! Kò tíì bẹ̀ mí dòní, èmi náà kò sì kí i.

Ìyá rẹ yóò máa dáná lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná yẹn, tí ẹ̀yìn mọ́tò kọjú sí, tí o bá fẹ́ jáde. Mo ní kó bọ́ síta, ó ní òun ò ní sá fún mọ́tò nínú ilé òun. Mo ní kó jókòó nígbà náà, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ni yóò wà á.