Ipò Kìíní Tí A Fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ojú kò ní tì ọ́ láwùjọ ẹgbẹ́ rẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ, má tíì rẹ́rìn-ín o. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí gbogbo àwa olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ní inú fóònù la ó ti kọ ọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn ọ̀gá ni yóò kà á, mo bọ́jú, mo pààrọ̀ aṣọ kí n tó ṣí i, nítorí èèyàn ò mọ ibi tí fóònù ti ń wo ni. Wọ́n ní ká má kọ orúkọ wa. Èyí ò tẹ́ mi lọ́rùn, àbí ta ní ń ránṣẹ́ sí àgbà láìdárúkọ, bí ẹni tó sọ òkò sọ́jà? Mo kọ́kọ́ kí wọn, mo kí ará ilé wọn, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni Ìyá Kíláàsì Kìíní, tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́.

Wọ́n wá bèèrè bóyá a fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ wa, bóyá ọ̀rọ̀ àwa àti ọ̀gá wa wọ̀, bóyá ó wù wá ká dúró síbẹ̀, ká fi nọ́ńbà dáhùn láti oókan dé aárùn-ún. Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ tó gba ipò kìíní ló mọ̀wé jù, ẹni tó gba ipò karùn-ún ńkọ́? Mo bá fi oókan sí gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n má ṣahun. Olùkọ́ ìṣirò kọ oókan, ọ̀gá wa pàápàá kọ oókan. Olùkọ́ tuntun, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tó wà ní kíláàsì kẹta, wò mí, ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó sì kọ oókan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ́fíìsì kọ̀wé pé kò sí ibi tí àwọn olùkọ́ ti kórìíra ilé-ẹ̀kọ́ wọn bíi tiwa. Wọ́n ní àánú wa ṣe àwọn, nítorí náà àwọn ó tú wa ká, kálukú yóò lọ sí ibòmíràn. Ọmọ mi, mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá wa sunkún sórí ìwé ìpè-orúkọ. Mo rò pé ọ̀tá ló wọ inú fóònù lọ yí ìdáhùn wa padà.

Ọjọ́ tí obìnrin tó jẹ́ aṣojú ọ́fíìsì dé, atẹ́gùn òjò ti ṣí páànù kíláàsì kẹta. Olùkọ́ ìṣirò wà lórí òrùlé, ìṣó lẹ́nu rẹ̀, ọ̀gá wa di àkàbà mú, èmi ń gbọ́n omi. Obìnrin náà bi wá pé ta ló gbé iṣẹ́ yìí fún wa. A ní, ta ní ń dúró de ìwé àṣẹ kó tó tún ilé ara rẹ̀ ṣe? Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo òrùlé, ó ní ó yà òun lẹ́nu, nítorí aárùn-ún ni ìfẹ́, oókan ni ìkórìíra.

Ilẹ̀ ìbá lanu, ǹ bá wọlé. Olùkọ́ tuntun kúnlẹ̀ sínú omi, ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n báwo lòun ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó kọ́ òun ní A B D pé kò mọ oókan yàtọ̀ sí aárùn-ún? Aṣojú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbé ọmọ náà dìde, mo ní láti òní lọ, bí mo bá ṣìnà, kó fà mí láṣọ, kó ṣáà ti kọ́kọ́ sọ pé ẹ jọ̀ọ́ mà. A tún fọ́ọ̀mù náà kọ lójú ẹsẹ̀, aṣojú sì ní ẹnikẹ́ni kò ní tú wa ká mọ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó bá mi gbọ́n omi.

Jọ̀ọ́, bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó páànù méjì ránṣẹ́. Má gba báǹkì o. Ẹni tó jókòó sínú ẹ̀rọ tó ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà wọn kì í dá mi lóhùn tí mo bá kí i, mi ò fọkàn tán an. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ibí ni kí o fún.

O sọ níjọ́sí pé o ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì yín. Bèèrè lọ́la, kí o máa fi kí i. Ibi iṣẹ́ rẹ yóò tù ọ́ lára, ọjọ́ tí o ò bá sì dé ibẹ̀, wọn yóò wá ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.