Wọ́n Ní Bàbá Máa Ń Mi Ẹyin

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú bí ẹ ṣe ń bá wa tọ́jú etí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, aránṣọ ni kí ẹ pè mí.

Bàbá kan ládùúgbò wa ń sin irú adìẹ pupa kan tí àkùkọ rẹ̀ ga dé orúnkún mi. Èmi náà fẹ́ máa sìn ín, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ní ahun ni Bàbá, pé bí wọ́n bá fẹ́ fúnni ní ẹyin, wọ́n á kọ́kọ́ mì wọ́n jìgìjìgì kí wọ́n má baà di ọmọ.

Mo tọrọ, wọ́n fún mi ní mẹ́wàá tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo dín mẹ́fà jẹ, mo kó ìyókù fún àgbébọ̀ mi kó sàba lé wọn, torí ojú Bàbá lásán. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló di òròmọdìyẹ.

Nígbà tí Bàbá wá wò wọ́n, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo gbọ́ àti mẹ́fà tí mo jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n ní, "Ìyàwó, èmi ni mo fẹnu ara mi tan ọ̀rọ̀ yẹn kálẹ̀, kí àwọn aláìnísùúrù lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, tó ṣì fi ẹyin sábẹ́ adìẹ, ó fẹ́ sìn ín lóòótọ́. Bí àrùn bá wọlé tèmi lọ́la, ọ̀dọ̀ rẹ ni màá ti wá tọrọ irú."

Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ti ń tọrọ ẹyin lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n máa fún wọn ni, àbí kí èmi náà sọ pé mo máa ń mì wọ́n?