Òkúta Tí Ẹ Gbọ́wọ́ Lé

Bàbá mi àtàtà,

Ṣé ẹ̀ ń sinmi dáadáa? Òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní Àpápá, ó sì ń ṣe mí bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lójú oorun. Èmi nìkan ló kù ní láàbù, níbi tá a ti ń yẹ òkúta wò, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan fún yín.

Ẹ rántí òkúta dúdú tí mo gbé wálé sí Amùkòkò nígbà tí òrùlé láàbù wa ń jò? Mo ṣàlàyé fún yín pé ó ti wà láyé kí ẹja tó wà, kí koríko pàápàá tó hù. Bóyá ohun abẹ̀mí kan tó kéré ju eruku lọ ti gbé inú rẹ̀ rí, tó fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ tí kẹ́míkà wa lè fi hàn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ mirí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa ń nu àtẹ́lẹwọ́ yín sára ṣòkòtò kí ẹ tó bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí òógùn. Lọ́jọ́ náà, ẹ ò nù ún. Ẹ gbọ́wọ́ méjèèjì lé òkúta, ẹ gbàdúrà gígùn kí iṣẹ́ mi lè yọrí. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n ta ni mí tí màá dá bàbá mi dúró lẹ́nu àdúrà?

Lẹ́yìn tá a sin yín, a lọ díẹ̀ lára òkúta náà kúnná. A bù ú sórí bébà, a kán kẹ́míkà sí i, a yá a níná, àwọ̀ àlùkò sì rọra yọ. Háà, Bàbá! Ọ̀gá mi jó. Kíá ló ti ń kọ lẹ́tà sókè òkun pé a ti rí àmì ìwàláàyè àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òógùn ọwọ́ èèyàn náà máa ń mú irú àwọ̀ yẹn jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ kúkú mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ nìkan. Mo fẹ́ kí àwọ̀ yẹn wà bẹ́ẹ̀. Ìwàláàyè ni lóòótọ́, tiyín ni. Ṣé ẹ̀yin ì bá sọ ọ́?

Mo sọ fún ọ̀gá. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó fa lẹ́tà náà ya, ó sì gbé omi kẹ́míkà fún mi kí n fi fọ òkúta tó kù.

Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí. Ó pẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó lè tì í bọ omi. Mo lọ̀ ọ́, mo bù ú sórí bébà, mo kán kẹ́míkà sí i, mo yá a níná, mo dúró. Àwọ̀ kankan ò yọ. Bàbá, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ẹ ti lọ.

Èmi ọmọbìnrin yín, tó nífẹ̀ẹ́ yín síbẹ̀síbẹ̀.