Tòmátì Tí Ó Pọ́n Ṣáájú Ti Òkè: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Osla Isbister (1941–2023)

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 1941, nígbà tí yìnyín dí ẹnu ọ̀nà débi pé ojú fèrèsé ni agbẹ̀bí gbà wọlé, ni a bí Màmá wa, Osla Leask, ní Nedderhoull, ní erékùṣù Yell, ní Shetland. Tammie Leask, apẹja, ni bàbá wọn. Chirsie, ọmọ ìdílé Halcrow, ni ìyá wọn. Àwọn Leask ti ń gbé etí omi náà tipẹ́tipẹ́. Màmá ni ìkẹta nínú ọmọ mẹ́rin, àwọn ni wọ́n sì kú gbẹ̀yìn nínú gbogbo wọn.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1947, ọkọ̀ ojú omi kò lè wá. Ọ̀dùnkún tán nílé àwọn Leask. Ẹja oníyọ̀ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń jẹ lálẹ́, títí ètè àwọn ọmọ fi bó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn kan náà, olùkọ́ wọn ti Lerwick dé, ó mú tòmátì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ó gé e wẹ́wẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè tọ́ ọ wò. Ó pín in láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ó kan ọmọbìnrin tó jókòó níwájú Màmá, ó sì tán. Baabie Mouat ni orúkọ ọmọ náà. Ó jẹ tirẹ̀, ó lá ìka, ó wá bojú wẹ̀yìn.

“Ó dùn gan-an,” ló wí. “Ó mà ṣe o, ó ti tán.”

Màmá sọ ìtàn yìí fún wa títí wọ́n fi darúgbó, wọn kò sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀ rí. Àǹtí Baabie ní àwọn ò rántí.

Ní ọdún 1956, Màmá fi ilé ìwé sílẹ̀. Wọ́n ń hun súwẹ́tà fún àwọn oníṣòwò, wọ́n sì tún ń gé ẹja ní ilé iṣẹ́ ẹja, níbi tí omi tútù ti ń mú ìka wọn kú débi pé wọn kì í mọ̀ bí ọ̀bẹ bá gé àwọn àfi tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1963, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Gibbie Isbister, ní ilé ìsìn Mẹ́tọ́díìsì yìí. Màmá mọ̀ kí wọ́n tó wọlé ọkọ pé Baabie Mouat ni ìyàwó Mansie, ẹ̀gbọ́n Bàbá. Wọ́n ní ìfẹ́ Bàbá ló mú kí àwọn gbà á bẹ́ẹ̀. Bí Baabie ṣe di ìyàálé wọn nìyẹn. Ilé ìyàálé wà lókè, tiwa wà nísàlẹ̀, fèrèsé ilé ìdáná wa sì kọjú sí òkè gan-an. Aṣọ òkè ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Òkè ni iná mànàmáná kọ́kọ́ dé. Òkè ni wọ́n ti kọ́kọ́ bí ọkùnrin. A kò ní fi pamọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n: Màmá ń jowú. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń wò ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 1993, ìjì bẹ̀rẹ̀, kò sì fẹ́ tán. Ọkọ̀ dúró sí èbúté. Pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ṣófo, àfi agolo oúnjẹ ológbò àti ìṣáná. Inga, àkọ́bí wọn, wà nílé pẹ̀lú oyún, ewébẹ̀ tí àgùntàn jẹ kù sì ni Màmá sè fún un. Wọ́n dúró nídìí sítóòfù, wọ́n ní, “Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ò tún ní máa wo ojú ọkọ̀ kó tó jẹun mọ́.”

Ṣùgbọ́n òkè ló kọ́kọ́ ṣe é. Ní ọdún 1996, Bàbá Mansie, ọkọ Àǹtí Baabie, gba páìpù dúdú tí àwọn tó ń sin ẹja sámọ́nì ti pa tì, wọ́n tẹ̀ wọ́n kọrọdọ, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rá funfun bò wọ́n. Ilé ọ̀rá àkọ́kọ́ ní Nedderhoull nìyẹn, ibi tí ohun ọ̀gbìn ti lè hù láìka òtútù àti ìjì sí. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, pupa ti ń hàn nínú rẹ̀. Bàbá ní kí Màmá kúrò lójú fèrèsé. Màmá ní ojú ọjọ́ ni àwọn ń wò.

Àǹtí Baabie fi abọ́ tòmátì kan ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Màmá dúpẹ́, wọ́n sì ní adìyẹ ni àwọn yóò kó o fún. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá bá wọn lẹ́yìn ilé màlúù, wọ́n dá dúró, omi tòmátì ń kán ní àgbọ̀n wọn.

“Àṣé adìyẹ ti ń wọ búláòsì,” ni Bàbá wí.

Ní ọdún 1998, Bàbá kọ́ tiwa. Màmá ní kó fi ìgbésẹ̀ kan gùn ju ti òkè lọ. Bàbá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ gbìn sórí ìgbésẹ̀ kan náà. “Ẹ ṣáà jẹ́ kó gùn,” ni èsì wọn. Wọ́n kó ewé òkun bo ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n to àgbá dúdú tó kún fún omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ó máa gba ooru lọ́sàn-án, kí ó sì máa tú u sílẹ̀ nígbà tí ìta bá tutù. Lórí sítóòfù ilé ìdáná ni wọ́n ti ń mú irúgbìn hù kí wọ́n tó gbé e lọ síbẹ̀. Tòmátì, tàtàsé, ìkàn, kùkúḿbà, àgbàdo: gbogbo ohun tí oòrùn Yell kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni wọ́n gbìn. Ìṣó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí a máa ń fi súwẹ́tà kọ́ kí a tó wọlé, nítorí ooru inú ibẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa.

Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ mẹ́lọ́nì ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé mẹ́lọ́nì wá rí sí ibi ìpàtẹ irè oko ní gbọ̀ngàn wa, Màmá sì ti pinnu pé àwọn ni yóò kọ́kọ́ gbé e wá. Mẹ́lọ́nì náà fà dáadáa, ó sì yọ òdòdó. Ní ọjọ́ kan tí Màmá ń da àgùntàn kọjá lẹ́bàá ilé òkè, wọ́n yọjú wo inú ilé ọ̀rá, wọ́n sì rí Àǹtí Baabie tí wọ́n ń já òdòdó dànù sínú garawa. Ṣíṣà ni wọ́n ń ṣà á já: èyí tó ní èso kékeré nídìí, wọ́n fi sílẹ̀; èyí tí kò ní, wọ́n já a. Màmá ò béèrè ìdí. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ Baabie! Wọ́n darí sílé, wọ́n já gbogbo òdòdó mẹ́lọ́nì tí kò ní èso nídìí, láràárọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn èso kékeré tó kù rọ, wọ́n sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àǹtí Baabie sọ̀ kalẹ̀ wá yá okùn, wọ́n sì rí i.

“Osla, ta ló já òdòdó yìí dànù?”

“Èmi ni. Ṣebí ẹ̀yin náà ń já tiyín.”

“Ti kùkúḿbà ni mò ń já o! Akọ kùkúḿbà ló máa ń mú èso rẹ̀ korò. Ṣé mẹ́lọ́nì náà bẹ́ẹ̀ ni? O lé gbogbo ọkọ jáde nílé tán, o wá ń retí ọmọ!”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí garawa. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi.”

“O ò bi mí. Ìgbà wo lo bi mí ní nǹkan rí?”

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Baabie gbé ife tíì kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi àwo dé e. Òdòdó akọ mẹ́lọ́nì kan ló wà nínú rẹ̀, àṣé àwọn náà ti gbìn ín ní òkè. “Mo rí i pé ó ku abo kan lórí tìẹ. Gba èyí, fi kàn án kó tó rọ.”

“Ẹ gbé e padà,” ni Màmá wí. “Mẹ́lọ́nì tèmi ò tíì wá ọkọ dé òkè.” Wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ilé ọ̀rá.

Láti ọjọ́ yẹn, òkè àti ìsàlẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, àfi Bàbá àti Bàbá Mansie tí wọ́n jọ ni ọkọ̀ ìpẹja, ọ̀rọ̀ ẹja nìkan ni wọ́n sì ń sọ. Nígbà tí Bàbá Mansie kú ní ọdún 2003, Màmá se ọbẹ̀ ẹran àgùntàn gbígbẹ, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà òkè, wọ́n sì yíjú padà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2005, ìjì ká ọ̀rá ilé òkè lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí i lórí wáyà ọgbà bí aṣọ tí wọ́n sá gbàgbé, páìpù nìkan ló sì dúró bí egungun ẹja. Tiwa ò mì. Inú Màmá dùn. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún wa pé inú àwọn dùn títí kẹ́tùlù fi hó. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sójú fèrèsé bí ìṣe wọn, wọn ò sì rí nǹkan kan wò. Nígbà tí irúgbìn hù lórí sítóòfù lọ́dún yẹn, wọn ò mọ̀ bóyá àwọn yá ni tàbí àwọn pẹ́, nítorí kò sí ti ẹlòmíràn tí wọ́n lè fi wé e.

Ní oṣù karùn-ún, wọ́n kó èèhù tòmátì sínú garawa, wọ́n sì gun òkè lọ.

“Ẹ gbà. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa sọ kiri pé torí ẹ ò ní nǹkan kan ni mo fi ṣáájú yín lọ́dún yìí.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé wàá ṣáájú mi?”

“Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rá bò ó ná.”

“Wọlé jàre. Omi tíì ti hó.”

Bàbá àti Lowrie, ọmọ wọn ọkùnrin, bo ilé náà kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Ní oṣù keje, Àǹtí Baabie tún gbé ife tíì sọ̀ kalẹ̀, òdòdó akọ mẹ́lọ́nì wà nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá fi ẹ̀yìn di ilẹ̀kùn mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé òdòdó lọ, wọ́n wá ní, “Mo bi yín o. Báwo ni wọ́n ṣe ń fi kàn án?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi ìyàálé wọn láti ọdún 1963 nìyẹn. Mẹ́lọ́nì kan so, ó sì gbó. Ní gbọ̀ngàn, wọ́n jà lórí orúkọ ẹni tí a ó kọ sí i.

“Ilé mi ni ìyá rẹ̀ wà.”

“Òkè ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ọmọ ta ni nígbà náà?”

A kọ orúkọ méjèèjì. Ó gba ipò kejì, lẹ́yìn tọ́nípù kan, gbòǹgbò jíjẹ tí gbogbo ilé ń gbìn, oníkálukú wọn sì ní ẹ̀gbẹ́ ti ẹnìkejì ni àbùkù ti wọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà, ìyẹ̀fun, iyọ̀, ṣúgà àti tíì nìkan ni ọkọ̀ ń gbé wá fún ilé wa. Nígbà òtútù, tòmátì inú ìgò ni a ń jẹ, ọkọ̀ ìbáà wá, kó má wá. Màmá ò pẹ́ dé ilé ìsìn rí. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, wọ́n máa ń tètè dé kí wọ́n lè to tiwọn síwájú pẹpẹ, kí wọ́n sì fi ti òkè pamọ́ sẹ́yìn tọ́nípù. Inga gbọ́ àdúrà wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan: “Olúwa, gba owú yìí lọ́kàn mi. Àmọ́ jẹ́ kí tèmi kọ́kọ́ pọ́n ná.” Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ní àríwá Yell tí kò gba èèhù lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá wá béèrè nǹkan, wọn kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ ohun tí àìbéèrè gbà lọ́wọ́ àwọn.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2014. Nígbà tí àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, wọ́n ní kí a gbé ibùsùn àwọn sójú fèrèsé ilé ìdáná. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè bóyá ti òkè ti pọ́n. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà, Àǹtí Baabie fi ọ̀pá rọra sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó tì wọ́n.

“Tèmi ṣì tutù bí ewé,” ni Àǹtí Baabie wí. “Ìwọ ni wàá ṣáájú lọ́dún yìí.”

Màmá fa ọwọ́ wọn sí imú. “Irọ́ lẹ ń pa. Òórùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ibo lẹ gbé e sí?”

Àǹtí Baabie yọ ọ́ jáde lápò. Ẹyọ kan ni, ó pọ́n dáadáa. Wọn ò tíì tọ́ ọ wò. Wọ́n ní kí Rhoda, ọmọbìnrin Màmá, mú ọ̀bẹ wá, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi ègé àkọ́kọ́ sí Màmá lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan èyí tó kù. Màmá rọra jẹ ẹ́, wọ́n sì lá ìka.

“Ó dùn,” ni wọ́n wí. Wọ́n tún ní, “Àmọ́ tèmi yóò dùn jù ú lọ.”

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlélógún.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni Inga, Lowrie àti Rhoda. Àwọn ọmọ ọmọ wọn, Erik, Freya, Magnie àti Kirsten. Ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Osla kékeré. Àti ìyàálé wọn kan ṣoṣo, Baabie Isbister, ẹni tó ní kí a kọ ọ́ síbí pé àwọn ti wá rántí ọjọ́ tí olùkọ́ mú tòmátì wá.

Ìdílé Isbister dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gba ojú omi wá. Súwẹ́tà Màmá ṣì wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀rá. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ ó rí àwo kan nítòsí ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ yìí ni a já tòmátì tó wà nínú rẹ̀ nísàlẹ̀, Àǹtí Baabie ló sì gé e. Wọ́n ti kà wá, wọ́n ní ó kárí dé ẹ̀yìn pátápátá.

Sùn re, Osla, ọmọ Leask, aya Isbister. Tìrẹ náà ti pọ́n.